Ole Kirk Christiansen: Káfíńtà tí iná jó títí, tí bíríkì ìṣeré rẹ̀ wá di ara dírágónì àti iwin

Bí ènìyàn bá gba àdúgbò Ire-Akari kọjá ní Ìsọlọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, kò ṣòro kí ó bá àwọn ọmọdé lẹ́yìn géètì tàbí lórí àtẹ̀gùn ilé, tí wọ́n da bíríkì oníke wẹ́wẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń tò ó. Òbí mìíràn ra tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nínú páálí tuntun. Ti ẹlòmíràn bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé ni, irú ẹrù tí àwọn ìyá máa ń tú wò ní ọjà Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ tí ó bá fẹ́ràn ọkọ̀ yóò fi kọ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kó bíríkì kan náà fún ọmọ tí ìyá àgbà ti pa àlọ́ fún, ẹ ó rí i pé kì í pẹ́ tí yóò fi pa ọkọ̀ tì, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí kò sí láyé: ẹja tí ó lórí ènìyàn, ẹyẹ olórí méjì, dírágónì tí ó rí nínú fíìmù, tàbí Agbákò inú ìwé Fágúnwà, òun tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká.

Kò sí ẹni tí ó máa ń béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí bíríkì náà ti wá. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, LEGO, ni tẹrú-tọmọ mọ̀. Ọkùnrin tí ó sọ ọ́ lórúkọ náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Ole Kirk Christiansen ni wọ́n ń pè é. Káfíńtà ni. Ọdún 1958 ni ó kú. Onígbàgbọ́ tí kò fi àdúrà ṣeré ni, pẹ́pẹ́yẹ àti ọkọ̀ ni ó sì fi igi ṣe fún àwọn ọmọdé ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ẹni tí àwọn ọmọ gbogbo ayé ń fi ohun tí ó ṣe kọ́ iwin àti ẹbọra, ìtàn tí eérú pọ̀ nínú rẹ̀ ni.

Ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1891 ni wọ́n bí i ní agbègbè Filskov, ní ilẹ̀ Jutland, lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì. Àgbẹ̀ tálákà ni àwọn òbí rẹ̀, ọmọ sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò lọ́ràá; koríko gíga àti afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju irè oko lọ. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń da ẹran. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbà á sọ́dọ̀, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí ó gbọ́wọ́ tán, ó ṣe bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà náà ti máa ń ṣe: ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba ìdálẹ̀ lọ, ó ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ó sì ṣiṣẹ́ ní Nọ́wè. Nọ́wè ni ó ti pàdé Kristine, tí ó di aya rẹ̀.

Ní 1916, ó fi owó tí ó tù jọ ra ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Billund. Abúlé lásán ni Billund nígbà náà, ilé rẹ̀ kò pọ̀, ibùdókọ̀ rélùwéè kan ni ó so ó pọ̀ mọ́ ayé. Ole Kirk ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ń kan àga àti àpótí aṣọ, ó sì ń kọ́ ilé fún àwọn àgbẹ̀. Bí irè oko bá dára, owó yóò wọlé. Bí irè kò bá dára, oníṣẹ́ ọwọ́ yóò fara mọ́ ọn. Kristine bí ọmọkùnrin mẹ́rin fún un: Johannes, Karl Georg, Godtfred àti Gerhardt.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n dá iná àkọ́kọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, ní 1924. Karl Georg àti Godtfred, tí èyí àgbà nínú àwọn méjèèjì kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù baba wọn, wọ́n sì fẹ́ tan iná sí ohun tí wọ́n fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù. Iná mú èérún pákó. Kí wọ́n tó ké gbàjarè, ṣọ́ọ̀bù ti ń jó, ilé tí wọ́n ń gbé sì jó mọ́ ọn. Baba mìíràn ì bá na ọmọ kú. Ohun tí Ole Kirk ṣe ni pé ó wá ayàwòrán-ilé, ó sì kọ́ ilé tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tí ó gbòòrò, bẹ́ẹ̀ owó tí ó fi kọ́ ọ wúwo lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ère kìnnìún méjì síwájú ilé náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ilé Kìnnìún ni àwọn ará Billund ń pè é títí dòní. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ère kìnnìún tí àwọn Àgùdà gbé sára ilé ní ilẹ̀ wa yóò mọ irú ọ̀yàyà tí ó wà nínú nǹkan bẹ́ẹ̀: kò sí kìnnìún ní Dẹ́ńmáàkì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ń rìn kiri ní Ìsàlẹ̀ Èkó, síbẹ̀ onílé fẹ́ kí ẹranko tí òun kò bá pàdé rí ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òun.

Ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1929 kò pẹ́ kó tó dé Billund. Àwọn àgbẹ̀ kò rówó kọ́lé mọ́, wọn kò rówó tún ilẹ̀kùn ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni Ole Kirk ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí iṣẹ́ ńlá kò sí mọ́, ó yí sí iṣẹ́ wẹ́wẹ́: àkàbà kéékèèké, pákó tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, àga kékeré. Láti ara àwọn wọ̀nyí ni ó ti bọ́ sórí ohun ìṣeré ọmọdé ní 1932: ọkọ̀ onígi, ẹranko onígi, nǹkan tí ọmọ lè fi okùn fà lẹ́yìn.

Ọdún kan náà, 1932, ni Kristine kú. Johannes tí ó jẹ́ àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 15, Gerhardt tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ wo ọkùnrin náà: aya ti lọ, iṣẹ́ ti lọ, gbèsè ilé wà nílẹ̀, ọmọ mẹ́rin ń wò ó lójú. Ó sì jókòó ti igi, ó ń gbẹ́ ohun ìṣeré.

Ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo iṣẹ́ yìí kò yàtọ̀ sí ojú tí àwa náà ì bá fi wò ó. Àgbàlagbà tí ó ní ìdílé, tí ó mọ ilé kọ́, tí ó wá ń ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré! Nígbà tí ó nílò owó láti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rẹ̀ ṣe onídùúró fún un, ṣùgbọ́n wọn kò fi pa mọ́ pé àwọn fẹ́ kí ó wá iṣẹ́ gidi ṣe. Kò gbọ́. Oníṣòwò kan bẹ ọjà ohun ìṣeré púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣe é tán kí òwò oníṣòwò náà tó fọ́. Ole Kirk kó ọjà náà sínú ọkọ̀, ó ń kiri rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí owó kò bá sí, ó ń gba nǹkan jíjẹ dípò. Lẹ́yìn náà ni yo-yo dé, ohun ìṣeré rìbìtì tí wọ́n ń fi okùn jù sísàlẹ̀ tí yóò tún gòkè wá. Àwọn ọmọ Dẹ́ńmáàkì ya wèrè fún un, Ole Kirk sì ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lójijì náà ni wọ́n dá a dúró lójijì. Ọjà kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sẹ́ni tí ó bèèrè rẹ̀ mọ́. Ó la àwọn yo-yo náà sí méjì-méjì, ó sì fi wọ́n ṣe táyà ọkọ̀ onígi. Ọgbọ́n tí ó wà nínú kí a tú ohun kan kí a fi kọ́ òmíràn, ó jọ pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ hàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1934, ó tún ìyàwó gbé, Sofie ni orúkọ rẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan fún un. Ọdún náà ni ó wá orúkọ fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ náà dá orúkọ wá, ó sì fi ìgò wáìnì kan tí wọ́n pọn nílé ṣe ẹ̀bùn. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ dá ni ó padà mú. Ó gé ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè wọn, leg godt, èyí tí ó ní í ṣe pẹ̀lú kí ọmọ ṣeré dáadáa, ó sì so ìbẹ̀rẹ̀ wọn pọ̀ di LEGO. Ẹni tí ó mu wáìnì náà, ẹ̀yin náà ẹ lè fọkàn rò ó.

Pẹ́pẹ́yẹ onígi kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1935 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ọmọ bá ń fa pẹ́pẹ́yẹ náà, ẹnu rẹ̀ yóò máa ṣí, yóò máa dé. Pẹ́pẹ́yẹ yìí ni ó fa ẹ̀kọ́ tí Godtfred kò gbàgbé títí ó fi dàgbà. Ọmọ náà ti ń bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì wá sọ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ayọ̀ pé òun ti dín ìnáwó kù: àwọn pẹ́pẹ́yẹ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dì lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè, ẹ̀ẹ̀mejì ni òun kùn wọ́n dípò ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Baba rẹ̀ ní kí ó lọ gbé àwọn páálí náà padà lójú ẹsẹ̀, kí ó tú wọn, kí ó kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó tún wọn dì, kí ó sì gbé wọn padà lọ, òun nìkan, bí ilẹ̀ yóò tilẹ̀ mọ́ bá a lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí.

Nígbà tí ogun àgbáyé dé, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Dẹ́ńmáàkì ní 1940. Ohun ìṣeré láti òkè òkun kò wọlé mọ́, èyí sì mú kí ti Ole Kirk tà. Ó dà bí ẹni pé ayé ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1942, iná tún ṣẹ́ yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ náà jó kanlẹ̀. Pákó jó, ẹ̀rọ jó, àwòrán gbogbo ohun ìṣeré tí ó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́wàá jó, àpẹẹrẹ tí ó fi pa mọ́ jó mọ́ ọn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí ó ronú pé kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ní ìdílé, abúlé náà kò sì ní iṣẹ́ mìíràn púpọ̀. Ó tún un kọ́.

Ogun parí ní 1945. Ní 1946, Ole Kirk lọ wo ẹ̀rọ kan tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Copenhagen. Ẹ̀rọ náà ń yọ́ ike, ó ń tì í wọ inú àwòdà irin, ohun tí ó bá sì jáde yóò jọ ara wọn bí ìbejì. Igi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Káfíńtà tí ó mọṣẹ́ jù kò lè gbẹ́ ẹgbẹ̀rún nǹkan kí gbogbo rẹ̀ bára mu. Ó fi krone 30,000 ra ẹ̀rọ náà, owó gọbọi fún ilé-iṣẹ́ abúlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Igi ni wọ́n mọ̀, igi ni ó ń bọ́ wọn, wọn kò sì rí ohun tí baba wọn rí lára ike.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ níhìn-ín, kí a má fi oyè ẹni kan dá ẹlòmíràn lọ́lá. Kì í ṣe Ole Kirk ni ó kọ́kọ́ ronú kan bíríkì ìṣeré oníke. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Hilary Fisher Page, tí ó ní ilé-iṣẹ́ Kiddicraft, ti ń ṣe irú rẹ̀. Àpẹẹrẹ bíríkì Page wà lára ohun tí àwọn tí ó ta ẹ̀rọ fi han baba àti ọmọ ní Billund, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ya tiwọn, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Page kú ní 1957. Ìgbà tí ó di 1981 ni LEGO tó ra ẹ̀tọ́ bíríkì náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í. Ní tèmi, àbùkù ni ó jẹ́ lára ìtàn tí ó dára, kò sì yẹ kí ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn náà fò ó.

Ní 1949, bíríkì oníke àkọ́kọ́ jáde láti Billund. Kókó rìbìtì mẹ́rin tàbí mẹ́jọ wà lórí rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo bí abẹ́ páálí. Kò tà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù dá òmíràn padà. Àwọn tí ó mọ̀ nípa òwò ohun ìṣeré nígbà náà gbà pé ike kò lè rọ́pò igi láéláé. Ní 1951, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Ole Kirk. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ìṣàkóso ti ń bọ́ sí Godtfred lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, bàbá sì di ẹni tí ń wòran iṣẹ́ tí òun dá sílẹ̀. Godtfred ni ó pàdé oníṣòwò kan nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1954, tí ọ̀rọ̀ fi bọ́ sórí pé àwọn ohun ìṣeré ìgbà náà kò ní ètò, pé ọ̀kan kò bá èkejì tan. Ó ronú lé e, ó sì mú bíríkì láàárín gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe. Bí 1955 ṣe dé, ó gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ètò kan ṣoṣo, tí èyí tí ọmọ bá rà lónìí yóò bá ti èṣí mu.

Síbẹ̀ àìsàn kan wà lára bíríkì náà, òun gan-an ni ó sì kan àwọn ọmọ Ire-Akari tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bíríkì tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo lè di ògiri. Bí ẹ bá gbé e lé ara wọn, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò mú un dúró, bí bulọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò láìtíì fi sìmẹ́ńtì sí i. Ẹ lè fi kọ́ ilé, ẹ lè fi kọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣùgbọ́n iwin kì í dúró gbọnrangandan bí ògiri. Dírágónì ní ọrùn tí ó nà síwájú, ìyẹ́ tí ó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrù tí kò fara kan ilẹ̀. Bí ẹ bá fi bíríkì oníhò òfìfo ṣe ọrùn bẹ́ẹ̀, yóò ṣí kúrò níbi tí ó ti so mọ́ èjìká kí ẹ tó yọwọ́ tán. Ohun tí ń fà á lulẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ó dì í mú lọ. Nítorí náà, fún ọdún mẹ́sàn-án, ilé ni bíríkì náà mọ ọ́n kọ́.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1958 ni wọ́n rí ìwòsàn rẹ̀. Wọ́n fi páìpù kéékèèké mẹ́ta sí abẹ́ bíríkì oníkókó mẹ́jọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lé òmíràn, kókó kọ̀ọ̀kan yóò há sáàárín páìpù àti ògiri bíríkì, yóò fara kàn án ní ibi mẹ́ta, yóò sì dì mú gírígírí. Kò gba gọ́ọ̀mù, kò gba ìṣó. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì lè fà á yọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, Godtfred fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní Copenhagen kí ìjọba lè fún wọn ní àṣẹ pé àwọn ni wọ́n ni ọgbọ́n náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, kí ó jókòó ti ọmọ tí ń kọ́ Agbákò. Yóò kọ́kọ́ kọ́ ẹsẹ̀, yóò sì ṣe é gbòòrò, nítorí pé orí Agbákò tóbi. Bí ó bá jẹ́ olóye, kò ní to bíríkì léra wọn ní ìlà kan ṣoṣo. Yóò máa gbé ọ̀kan gun ojú ibi tí méjì ti pàdé, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ti ń ṣe lórí ògiri, kí ó má baà sí ojú ibi tí ó lè là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àyà rẹ̀ yóò ṣófo nínú kí ó má baà wúwo. Bí ó bá dé orí, iṣẹ́ dé. Bíríkì ní igun mẹ́rin, orí sì rí rìbìtì. Ọmọ náà yóò máa fa ìlà kọ̀ọ̀kan síta díẹ̀ ju èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lọ títí yóò fi dé àárín, yóò sì máa fà á wọlé padà. Ibi tí ó yọ síta yẹn gan-an ni páìpù inú bíríkì ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú: mẹ́rìndínlógún, pupa tàbí funfun, kí ó yí orí ká láìfi àyè sílẹ̀. Bí ojú bá kù méjì tí bíríkì pupa sì tán, ẹ ó gbọ́ ariwo. Àwọn mìíràn á yọ ojú ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ láná.

Ọdún 1938 ni ìwé tí Agbákò wà nínú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ìyẹn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ọdún náà, Ole Kirk wà ní Billund, ó ń kun pẹ́pẹ́yẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Olùkọ́ ọmọ Òkè-Igbó àti káfíńtà Jutland kò gbọ́ orúkọ ara wọn. Iwin ọ̀kan ni ó wá ń fi bíríkì èkejì wọ ara.

Ole Kirk kò rí i. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1958 ni àìsàn ọkàn mú un lọ, ní ẹni ọdún 66. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé ni ó wà láàárín ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi ìwé sílẹ̀ ní Copenhagen àti ọjọ́ ikú rẹ̀. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kan ní abúlé, tí igi ṣì jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀, tí bíríkì rẹ̀ kò sì tíì di ohun tí ayé ń dù.

Iná kò tíì tán pẹ̀lú ilé náà. Ní 1960, ibi tí wọ́n ń kó ohun ìṣeré onígi sí jó. Godtfred pinnu pé wọn kò ní ṣe ti igi mọ́, bíríkì nìkan ni wọn yóò dojú kọ. Karl Georg àti Gerhardt kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ìpín tiwọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí baba wọn kọ́ ní ọmọ ọdún 14, tí ó fi bọ́ wọn nígbà tí ìyá wọn kú, iná ni ó sin ín. Ní 1968, Godtfred ṣí ọgbà ìṣeré Legoland sí Billund, níbi tí wọ́n ti fi bíríkì kọ́ ìlú kéékèèké.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò jókòó tì í, wọ́n rí i pé bíríkì oníkókó mẹ́jọ méjì tí àwọ̀ wọn jọra lè so pọ̀ ní ọ̀nà 24. Bí ẹ bá sọ ọ́ di mẹ́fà, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà so pọ̀ di 915,103,765. Bíríkì mẹ́fà péré, èyí tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Bíríkì tí wọ́n ṣe ní 1958 sì ń bá èyí tí wọ́n ṣe lónìí mu.

Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wọ inú igbó àwọn ẹ̀dá àlọ́ lẹ́yìn ikú baba: ilé olódi tí dírágónì ń ṣọ́, àwọn jagunjagun tí ń gun dírágónì. Ó ṣèèṣì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2001, wọ́n mú ọ̀rọ̀ láti inú èdè àwọn Maori, àwọn onílẹ̀ New Zealand, wọ́n fi sọ àwọn ẹ̀dá inú eré wọn kan tí wọ́n pè ní Bionicle lórúkọ. Àwọn Maori fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣàdédé mú tà láìgba àṣẹ. LEGO gbà pé àwọn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ iwájú. Àwa tí a ní Ṣàngó àti Yemọja kò níláti béèrè ìdí tí inú fi bí wọn.

Ẹni tí ó wá fi bíríkì náà sọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni Ekow Nimako, ọmọ Ghana tí ó ń gbé ní Toronto ní Kánádà. Bíríkì dúdú ni ó ń lò. Ènìyàn, ẹranko àti ẹ̀dá inú ìtàn àtẹnudẹ́nu Áfíríkà ni ó ń fi kọ́, gbogbo rẹ̀ dúdú kirikiri, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń kọ lára wọn. Ní 2019, ó kọ́ ìlú Kumbi Saleh, olú ìlú ìjọba Ghana àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rò pé yóò rí ní ọdún 3020, wọ́n sì ṣe àfihàn rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Aga Khan ní Toronto. Bíríkì tí ó lò tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Ilé tí Ole Kirk kọ́ lẹ́yìn iná 1924 ṣì wà ní Billund, ní òpópónà tí ó la abúlé náà já, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Billund kì í ṣe abúlé mọ́. Ó ti di ara ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé-iṣẹ́ náà. Kìnnìún méjèèjì ṣì jókòó sí ẹnu ọ̀nà.